Òróró Ń Ta: Ìbéèrè àti Ìdáhùn Nípa Nǹkan Dídín

Ìbéèrè kan náà ni mo máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn tó ń kọ́ bí a ṣe ń dín nǹkan lọ́dọ̀ mi, bẹ́ẹ̀ náà ni lẹ́nu àwọn àgbà tó ti ń dín in láti ọjọ́ pípẹ́. Mo kó wọn jọ síbí, kí ẹni tó bá tún bi mí lè wá kà á.

Kí ló ń mú kí òróró gbígbóná máa ta síni lára?

Omi ni, kì í ṣe òróró. Omi àti òróró kì í dàpọ̀, omi sì wúwo ju òróró lọ, nítorí náà bí ẹ̀kán omi bá bọ́ sínú òróró, ìsàlẹ̀ ló ń rì lọ. Omi máa ń hó ní 100°C. Òróró tí a fi ń dín nǹkan sábà máa ń wà láàárín 170°C sí 190°C. Omi tó bá bá ara rẹ̀ nísàlẹ̀ irú òróró bẹ́ẹ̀ kò rí àyè hó pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bíi ti inú kẹ́tù. Lójú ẹsẹ̀ ló ń di ooru.

Ooru yìí ń wá ọ̀nà òkè, òróró sì ti dùbúlẹ̀ lé e lórí. Bó ṣe ń já jáde ló ń ju òróró dànù. Èyí tó ta bà yín lọ́wọ́, òróró ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n omi ló sọ ọ́ bí òkò.

Ẹ̀kán omi bíńtín, báwo ló ṣe lágbára tó bẹ́ẹ̀?

Omi tó bá ti di ooru kì í gba àyè tó ń gbà tẹ́lẹ̀ mọ́. Ó máa ń fẹ̀ tó nǹkan bí ìlọ́po 1,700. Ẹ̀kán omi kan ṣoṣo, irú èyí tó ń kán lẹ́nu ẹ̀rọ omi tí kò pa dáadáa, á di ooru tó kún nǹkan bí ìdajì ife tíì kékeré. Ṣíbí tíì kan péré á kún kẹ́ẹ̀gì lítà 5, á sì tún ṣẹ́kù. Ká ní gbogbo rẹ̀ fẹ́ jáde ní ìṣẹ́jú àáyá kan lábẹ́ òróró, ẹ ti mọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀.

Ṣé òróró fúnra rẹ̀ kì í hó ni?

Nínú ìkòkò tiwa, rárá. Ìfófò tí ẹ máa ń rí nígbà tí dòdò bá wà nínú òróró, ooru omi tó ń jáde lára ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni. Ẹ kó dòdò kúrò, òróró á dákẹ́ rọ́rọ́, bẹ́ẹ̀ kò tíì tutù rárá. Ohun tó ń tan ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ nìyẹn: wọ́n á ní kò tíì gbóná nítorí pé kò hó, wọ́n á sì tún fi kún iná. Òróró tí a bá ń kó iná lé lórí, èéfín ló máa kọ́kọ́ rú. Iná ló ń tẹ̀ lé èéfín.

N kò tíì fi nǹkan kan sínú òróró, ó ti ń ta pàrà-pàrà. Kí ló fà á?

Ìkòkò yín kò gbẹ. Ohun tí ẹ ṣe ni pé ẹ fọ̀ ọ́, ẹ gbọn omi rẹ̀ dànù lẹ́ẹ̀mejì, ẹ sì da òróró sí i. Èyí tó kù nísàlẹ̀ ìkòkò ló ń ta yẹn. Ẹ máa gbé ìkòkò òfìfo kaná títí omi ara rẹ̀ á fi gbẹ ráúráú, kí ẹ tó da òróró sí i. Mo rò pé ìdajì àwọn tó ń ráhùn nípa òróró, ohun tó ń ṣe wọ́n kò ju èyí lọ.

Bí kì í bá ṣe ìkòkò, ẹ wo ṣíbí, ẹ wo ìgò tí ẹ rọ òróró sí lẹ́yìn tí ẹ fọ̀ ọ́, kí ẹ sì wo ọwọ́ tiyín. Òróró tí a ti fi dín ẹja lánàá náà máa ń ta bí a bá tún gbé e kaná, nítorí èérún àti omi tó ti rọ̀ sísàlẹ̀ rẹ̀. Ẹ fi asẹ́ sẹ́ ẹ nígbà tó bá tutù, kí ẹ sì fi ìsàlẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ nínú ìgò.

Bó bá ti ń ta kí ẹ tó mọ̀, ẹ dín iná kù, kí ẹ sún sẹ́yìn, kí ẹ dúró títí ariwo á fi rọlẹ̀. Ẹ má ṣe gbé e rìn.

Kí ló dé tí ẹja fi ń ta ju gbogbo nǹkan lọ?

Nítorí bí a ṣe ń ṣe é ni. A ó fi iyọ̀ àti ọsàn wẹ́wẹ́ fọ ẹja, a ó fi omi ṣàn án, a ó fi ata àti iyọ̀ pa á lára, omi á tún sun jáde nítorí iyọ̀ yẹn, a ó wá mú un pẹ̀lú gbogbo omi náà sínú òróró. Ẹja tútù fúnra rẹ̀, nǹkan bí ìdá méje nínú mẹ́wàá rẹ̀ ni omi. Lẹ́yìn èyí, awọ ẹja máa ń sé omi mọ́ abẹ́ rẹ̀. Ojú ẹja náà ń bẹ́, ẹyin inú rẹ̀ sì ń bẹ́ jù ú lọ. Ẹ yọ ẹyin yẹn sọ́tọ̀, kí ẹ fi se ọbẹ̀.

Àwọn ìyá tó ń dín ẹja tà tí mo mọ̀ kì í kánjú. Wọ́n á pa á lára tán, wọ́n á tẹ́ ẹ sórí asẹ́ síbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ títí ara rẹ̀ á fi gbẹ, tó fi jẹ́ pé bí ẹ bá fọwọ́ kàn án, kò ní lẹ̀ mọ́ yín lọ́wọ́. Bí àyè kò bá sí, ẹ fi aṣọ mímọ́ tàbí tísù tẹ̀ ẹ́ lára níwájú àti lẹ́yìn. Ẹ fi ọ̀bẹ ya awọ rẹ̀ díẹ̀ kí ooru lè rí ibi gbà. Ìyẹ̀fun díẹ̀ tí a bù pa á lára náà ń ṣiṣẹ́, torí pé ó ń fa omi ojú ara.

Bí ẹ bá ń fi í sínú òróró, ẹ má jù ú láti òkèèrè nítorí ẹ̀rù. Ẹ̀rù yẹn gan-an ló ń jó èèyàn. Ẹ mú un súnmọ́ òróró, kí apá tó wà lọ́dọ̀ yín kọ́kọ́ wọlé, kí ẹ sì rọra tẹ́ ìyókù síwájú, kí ìtasílẹ̀ rẹ̀ lè kọjú sí ògiri.

Ẹran inú fírísà ńkọ́? Ṣé mo lè dín in bó ṣe dì?

Ẹ má dán an wò, pàápàá nínú òróró jíjìn. Yìnyín ara ẹran ń yọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, omi rẹ̀ ń rì sísàlẹ̀, òróró á sì wú bí ògì tó ń hó, á kún dànù sórí iná. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ kí ó ta síni lọ́wọ́ mọ́ nìyẹn, ó di ọ̀rọ̀ ilé tó ń jó.

Àwọn èèyàn wa ní Amẹ́ríkà mọ èyí dáadáa. Ní Ọjọ́bọ̀ kẹrin oṣù Kọkànlá, tí wọ́n ń ṣe Thanksgiving, àwọn kan máa ń dín odindi tòlótòló nínú ìkòkò ńlá níta. Lọ́dọọdún ni àwọn panápaná ibẹ̀ máa ń ju tòlótòló dídì sínú òróró gbígbóná lójú gbogbo ayé, kí wọ́n lè rí bí iná ṣe ń sọ. Ìmọ̀ràn tí wọ́n ń fúnni ni pé kí a fi tòlótòló sínú fíríìjì lásán kó yọ́, nǹkan bí wákàtí 24 fún kílò méjì kọ̀ọ̀kan. Tòlótòló gígé tiwa kò pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kó yọ́ tán, kó ro, kí ẹ sì nù ún.

Ṣé ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti iṣu kò ní omi ni, tí wọn kì í fi ta tó ẹja?

Wọ́n ní in dáadáa. Iṣu tútù jẹ́ omi ní nǹkan bí 70 nínú ọgọ́rùn-ún, ọ̀gẹ̀dẹ̀ nǹkan bí 65. Ìyàtọ̀ ni pé inú ni omi tiwọn wà, ó sì ń jáde díẹ̀díẹ̀, nígbà tí ti ẹja dúró sí ojú ara. Àmọ́ dùndún tí a rẹ sínú omi iyọ̀ tí a kò jẹ́ kó ro, á ta bí ẹja. Dòdò tí a wọ́n iyọ̀ sí tó pẹ́ nínú abọ́ á ti làágùn. Ẹ má da omi tó sun sísàlẹ̀ abọ́ yẹn mọ́ ọn.

Omi ló pọ̀ jù nínú àkàrà, kí ló dé tí àkàrà fi ń hùwà ọmọlúàbí?

Bí ẹ̀wà lílọ̀ bá ṣe kan òróró báyìí ni ojú rẹ̀ ń le. Ara tó le yẹn ní ihò wẹ́wẹ́ káàkiri, pàápàá bí a bá po ẹ̀wà náà dáadáa tí atẹ́gùn wọ inú rẹ̀. Ooru ń gba ihò wọ̀nyẹn jáde ní wẹ́wẹ́, kò sí ibi tó ti kóra jọ tó fi máa bẹ́. Ẹ̀wà tó ṣàn jù ni kì í mọ́wọ́ dúró: ó ń fọ́n ká, ó sì ń ta. Ẹ rọra tú u sílẹ̀ nítòsí òróró.

Ní Salvador, ní Bahia lórílẹ̀-èdè Brazil, àwọn ìyá aláṣọ funfun tó ń ta àkàrà lójú títì, tí wọ́n ń pè é ní acarajé, inú epo pupa ni wọ́n ti ń dín in títí dòní. Ìjọba Brazil ti kọ iṣẹ́ ọwọ́ wọn sínú ìwé ogún orílẹ̀-èdè náà láti ọdún 2005. Ohun tí mo ń sọ kò yí padà níbẹ̀: epo tó gbóná dọ́gba, ẹ̀wà tó ki, ọwọ́ tó súnmọ́.

Ẹyin bíbọ̀ tí mo fẹ́ dín bẹ́ gbàmù. Kí ni mo ṣe tí kò dáa?

Ẹ kò dá a lu. Ara funfun ẹyin bíbọ̀ máa ń yí padà di awọ líle nínú òróró, ooru inú rẹ̀ á sì kóra jọ títí á fi rí ibi ya. Ẹ fi ìtayín tàbí ṣóńṣó ọ̀bẹ gún un níbi mẹ́ta-mẹ́rin, ẹ nù ún gbẹ, ẹ má jẹ́ kó pẹ́ nínú òróró. Ata rodo odindi àti tòmátì odindi máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Èmi fúnra mi ti rí ẹyin tó kúrò nínú páànù tó lọ lẹ̀ mọ́ àjà. Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ká ní ojú èèyàn ló lọ bá ńkọ́?

Wọ́n ní kí n wọ́n iyọ̀ sínú òróró kó má baà ta. Ṣé òótọ́ ni?

Òótọ́ díẹ̀, àsọdùn púpọ̀. Iyọ̀ kì í yòrò nínú òróró, ìsàlẹ̀ ló ń dúró sí. Ó lè fa omi bíńtín tó wà nísàlẹ̀ páànù mọ́ra. Kò lè ṣe nǹkan kan sí omi tó wà lára ẹja. Iyọ̀ tó ti fa omi tẹ́lẹ̀ nínú ike rẹ̀ á tún máa dún tàì-tàì fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá nu ẹja rẹ̀ gbẹ kò nílò iyọ̀ yìí.

Ṣé kí n fi ọmọrí dé ìkòkò?

Ọmọrí máa gba yín lónìí, á sì dà yín lọ́la. Ooru tó ń gòkè máa ń bá ọmọrí tutù pàdé, á padà di omi, omi yẹn á sì máa kán padà sínú òróró. Nígbà tí ẹ bá wá ṣí i, gbogbo omi tó wà lábẹ́ rẹ̀ á ṣàn sínú ìkòkò lẹ́ẹ̀kan náà.

Bí ẹ bá gbọ́dọ̀ dé e, ẹ fi àyè sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Bí ẹ bá fẹ́ ṣí i, ẹ gbé e sókè ní ọ̀gbọọrọ, kí ẹ fà á kúrò lórí ìkòkò kí ẹ tó dà á gẹ̀rẹ́. Asẹ́ onírin tó fẹ̀ ló dáa jù: ó ń dí òróró lọ́nà, ó sì ń jẹ́ kí ooru kọjá.

Ata tí mo ń dín ń ta dé ara ògiri, bẹ́ẹ̀ òróró kò pọ̀ nínú rẹ̀. Kí ló dé?

Ọ̀tọ̀ ni ti ata. Tòmátì jẹ́ omi tó lé ní 90 nínú ọgọ́rùn-ún, tàtàṣé náà kò jìnnà sí i. Bí ata lílọ̀ bá ti ń ki, ooru tó wà nísàlẹ̀ kì í rọrùn fún láti gòkè. Ó ń wú, ó ń wú, títí tó máa fi bẹ́ bí ẹrẹ̀ tí a sọ òkúta lù. Ohun tó ń ta sí aṣọ yín nìyẹn, ó sì ń lẹ̀ mọ́ ara ju òróró lọ, ìdí nìyẹn tó fi ń jó èèyàn wọra.

Àtúnṣe rẹ̀ wà lọ́wọ́ àwọn ìyá wa tipẹ́: ẹ se ata náà gbẹ nínú ìkòkò lọ́tọ̀ kí òróró tó kàn án. Ẹ lo ìkòkò tó jìn, kì í ṣe páànù pẹrẹsẹ. Kí iná má pọ̀, kí ẹ sì máa rò ó láti ìsàlẹ̀. Ẹ má ṣe da ata tútù sínú òróró tó ti ń rú èéfín; mo mọ̀ pé ariwo ṣàà yẹn dùn mọ́ àwọn kan nínú, ṣùgbọ́n owó ọṣẹ ni.

Epo pupa tí mo fẹ́ yọ́ fún ọbẹ̀ ọ̀fadà ń dún tàì-tàì lórí iná. Ṣé ayédèrú ni?

Kì í ṣe dandan. Epo tí a fún lábúlé tí wọn kò sè gbẹ dáadáa máa ń ní omi àti gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ díẹ̀. Iná kékeré ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ariwo yẹn, omi ló ń jáde. Bó bá dákẹ́, ẹ lè wá fi kún iná díẹ̀.

Ibi tí mo ti ń bẹ̀rù ni bí àwọn kan ṣe ń dé e pa tí wọ́n ń lọ wo tẹlifíṣọ̀n. Epo tí à ń dín títí pupa rẹ̀ fi ṣí ti súnmọ́ ibi tó ti lè gbiná. Ẹ ṣí fèrèsé, ẹ dúró tì í, ẹ pa iná bí èéfín bá ti ki. Ẹ má ṣí ọmọrí lójú ẹsẹ̀, ẹ jẹ́ kó tutù fúnra rẹ̀, kí atẹ́gùn má baà já wọlé bá a.

Ṣé òróró olówó pọ́ọ́kú ló ń ta jù?

Owó kọ́. Òróró tó mọ́, tó gbẹ, kì í ta, ì báà jẹ́ ti kẹ́ẹ̀gì ọjà tàbí ti ìgò aláràbarà. Bọ́tà ni ẹjọ́ tirẹ̀ yàtọ̀: nǹkan bí 16 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ jẹ́ omi, ìdí nìyẹn tó fi ń hó tó sì ń dún nínú páànù.

Mo máa ń wọ́n omi sínú òróró láti mọ̀ bóyá ó ti gbóná. Ṣé ó burú?

Ó burú. Ẹ̀yin ni ẹ ń fọwọ́ yín pe ohun tí ẹ ń sá fún. Ẹ fi ìdí ṣíbí onígi gbígbẹ kan òróró: bí ìfófò wẹ́wẹ́ bá yí i ká, ó ti tó. Tàbí kí ẹ fi bíńtín àlùbọ́sà tàbí ẹ̀wà lílọ̀ dán an wò.

Bí omi bá kán sórí páànù òfìfo tó gbóná janjan, ṣe ló ń yí kiri bí ìlẹ̀kẹ̀, kì í bẹ́. Ṣé èyí kò ta ko ohun tí ẹ ń sọ?

Kò ta kò ó. Bí páànù bá gbóná kọjá ààlà kan, abẹ́ ẹ̀kán omi náà máa ń di ooru kí ìyókù tó kàn án, omi á sì jókòó lé ooru yẹn bí ẹni jókòó lórí tìmùtìmù. Dókítà ará Jámánì kan, Johann Leidenfrost, kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 1756, orúkọ rẹ̀ ni àwọn onímọ̀ sì fi ń pè é. Orí páànù gbígbẹ, kò sí ohun tó bo omi mọ́lẹ̀, ooru rẹ̀ rí ọ̀nà lọ. Nínú òróró, òróró ló wà lórí rẹ̀.

Òróró gbiná. Kí ni kí n ṣe?

Ẹ pa gáàsì bí ọwọ́ yín bá lè dé ibẹ̀ láìjóná. Ẹ fi ọmọrí onírin dé e, ẹ gbé e láti ẹ̀gbẹ́ sún un bo ìkòkò. Ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí á fi tutù pátápátá. Ẹ má da omi sí i láéláé. Omi á rì sísàlẹ̀, á fẹ̀ ní ìlọ́po 1,700 tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, á sì gbé òróró tó ń jó dé àjà. Ẹ má gbé ìkòkò náà síta. Bí kò bá ṣeé dé, ẹ kó àwọn ọmọ jáde, kí ẹ pe panápaná.

Àwọn panápaná Britain ní òróró kò gbọ́dọ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́ta ìkòkò lọ. Mo fara mọ́ ọn: ohun tó bá kún dànù, orí iná ló ń lọ.

Ó ti ta sí mi lára. Ṣé kí n fi ẹyin tútù pa á?

Rárá. Kì í ṣe ẹyin, kì í ṣe ọṣẹ ìfọyín, kì í ṣe àdín, kì í ṣe epo pupa, kì í sì í ṣe yìnyín. Ẹ bọ́ òrùka àti aago kúrò níbẹ̀, ẹ fi omi tútù tó ń ṣàn sórí rẹ̀ fún 20 ìṣẹ́jú. Bí kò bá sí omi ẹ̀rọ, ẹ máa fi ife bù ú lé e. Ogún ìṣẹ́jú máa ń pẹ́ lójú ẹni tó ń jẹ̀rora, ẹ ṣáà fara dà á. Aṣọ tó bá ti lẹ̀ mọ́ ara, ẹ má fà á. Bó bá jẹ́ ojú, àtẹ́lẹwọ́ tàbí ibi ìkọ̀kọ̀ ara, bó bá ju ìwọ̀n ọwọ́ ẹni náà lọ, bó bá lé ròrò, tàbí bó bá jẹ́ ọmọdé, ilé ìwòsàn.

Bí mo bá wá gbẹ gbogbo nǹkan tán, ṣé òróró kò ní dún mọ́ rárá?

Á dún, ó sì yẹ kó dún. Títa ni à ń lé, kì í ṣe dídún. Ṣàà pẹ̀lẹ́ yẹn ni omi inú oúnjẹ tó ń jáde ní wẹ́wẹ́. Níwọ̀n ìgbà tó bá ń jáde, òróró kì í fi bẹ́ẹ̀ rí àyè wọlé. Ẹ fetí sí àkàrà yín. Nígbà tí ẹ kọ́kọ́ dà á sílẹ̀, ariwo rẹ̀ á pọ̀. Lẹ́yìn náà á máa lọ sílẹ̀, ìfófò á máa tín-ín-rín. Bó bá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dákẹ́, ẹ kó o. Èyí tó bá dákẹ́ tán nínú òróró ti ń mu òróró.